Ẹ̀tọ́ Ọmọ Tí Apànìyàn Sọ Di Òrukàn: Owó Gbà-Má-Bìínú àti Ojúṣe Ìjọba ní Ilẹ̀ Ẹ̀gbá

Nígbà tí apànìyàn bá pa bàbá tàbí ìyá ọlọ́mọ, ọ̀ràn méjì ló ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ni òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ń tẹ̀ lé dé òpin. Ọ̀ràn àkọ́kọ́ ni ti ẹni tó pànìyàn, èyí tí àwọn ọlọ́pàá ń tọpinpin, tí agbẹjọ́rò ìjọba ń gbé lọ síwájú adájọ́, tí àwọn ìwé ìròyìn sì ń ròyìn rẹ̀ títí ìdájọ́ yóò fi wáyé. Ọ̀ràn kejì ni ti ọmọ tí olóògbé fi sílẹ̀, ẹni tí yóò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà, tí yóò nílò owó ilé-ìwé ní sáà tó ń bọ̀, tí kò sì ní dẹ́kun dídàgbà nítorí pé ìwádìí ń falẹ̀. Ọ̀ràn kejì yìí kò ní fáìlì ní Eléwéẹran, oríléeṣẹ́ ọlọ́pàá Ìpínlẹ̀ Ògùn ní Abẹ́òkúta, kò sì ní ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ kankan. Ohun tí àròkọ yìí fẹ́ fi múlẹ̀ ni pé owó gbà-má-bìínú, ìyẹn owó tí wọ́n ń san fún ẹni tí wọ́n ṣe níbi láti fi dín àdánù rẹ̀ kù, gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọ náà fúnra rẹ̀, pé ìjọba ìpínlẹ̀ ló yẹ kó máa san án, àti pé kò gbọdọ̀ dúró de ìgbà tí wọ́n bá mú apànìyàn tàbí tí wọ́n bá dá a lẹ́bi.

Àtakò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń gbé dìde ni pé ẹ̀mí kò ṣeé fi owó rà, àti pé ẹni tó bá gba owó lórí òkú bàbá rẹ̀ ti tà á nìyẹn. Ìbínú tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tọ́, ó sì yẹ fún ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ó da nǹkan méjì pọ̀ mọ́ra wọn. Owó kan wà tí wọ́n ń fi òkú díwọ̀n, òmíràn sì wà tí wọ́n ń fi alààyè díwọ̀n. Díyà, ìyẹn owó ẹ̀jẹ̀ tí àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Ẹ̀gbá mọ̀ nínú ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn wọn, tí kò sí nínú òfin ọ̀ràn Ìpínlẹ̀ Ògùn, jẹ́ ti àkọ́kọ́: ìwé òfin tí Ìpínlẹ̀ Zamfara gbé kalẹ̀ ní ọdún 2000 ka iye rẹ̀ sí dínárì 1,000, tàbí dírámù 12,000, tàbí ràkúnmí 100, àwọn àrólé sì lè gbà á tàbí kí wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀. Iye náà kì í yí padà, ìbáà jẹ́ ọmọ kan ni olóògbé fi sílẹ̀ tàbí mẹ́wàá. Owó tí àròkọ yìí ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti èkejì. Ohun tí wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀ ni oúnjẹ, aṣọ, ilé, ìtọ́jú àìsàn àti ẹ̀kọ́ tí ọmọ ì bá rí gbà lọ́wọ́ òbí rẹ̀ ká ní òbí náà wà láàyè, láti ọjọ́ ikú náà títí di ọjọ́ tí ọmọ yóò lè dá dúró. Nítorí náà, ọmọ ọdún 4 àti ọmọ ọdún 16 tí ikú kan náà kàn kò lè gba iye kan náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹnì kan tó lè yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ yìí ní orúkọ ọmọdé tí kò tíì mọ ohun tó sọ nù.

Láyé àtijọ́, ìdílé ló ń ṣe iṣẹ́ tí owó yìí fẹ́ ṣe. Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹnìkan ní í bímọ, igba ẹni ní í wò ó, ọ̀rọ̀ náà sì ní ètò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Agbo ilé kan náà ni àwọn àbúrò àti ẹ̀gbọ́n olóògbé ń gbé, oko wọn wà nítòsí ara wọn, ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú sì ń bá àwọn ọmọ yòókù jẹun nínú abọ́ kan náà. Àṣà ṣíṣú opó, nínú èyí tí arákùnrin olóògbé ń gba aya rẹ̀ sílé, ní àléébù tirẹ̀ fún àwọn obìnrin, ṣùgbọ́n ọ̀kan lára ohun tó wà fún ni pé kí ọmọ olóògbé má ṣe wà láìní bàbá lórí. Ètò yìí ti yingin. Ní Òkè-Ìléwó ní Abẹ́òkúta àti àyíká rẹ̀, láti Ìbarà dé Pánsẹ́kẹ̀, ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń gbé yàrá àyágbé, ọ̀pọ̀ bàbá ni ìlú rẹ̀ jìnnà, àbúrò olóògbé tó sì fẹ́ gba ọmọ mẹ́ta sílé lè máa gbé yàrá kan pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin tirẹ̀. Ìfẹ́ wà lọ́kàn irú ẹni bẹ́ẹ̀, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ kò tó o. Ẹni tó bá ń sọ pé kí ìdílé máa bá a lọ láti gbé gbogbo ẹrù yìí ń gbé e lé èjìká tí owó ọjà ti tẹ̀.

Ìdí mìíràn tún wà tí kò fi yẹ kí owó ọmọ di owó ìdílé. Lábẹ́ àṣà Yorùbá, ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà pín ogún: ìdí-igi, èyí tí wọ́n fi ń pín in ní ìbámu pẹ̀lú iye aya tó bímọ, àti orí-ò-jorí, èyí tí wọ́n fi ń pín in fún ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́gbọọgba. Ọ̀nà méjèèjì bá ilé àti ilẹ̀ mu, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó bá owó ìtọ́jú mu. Bí bàbá kan bá fi ìyàwó méjì sílẹ̀, tí ọ̀kan ní ọmọ kan tó ti gbọ́ bùkátà ara rẹ̀, tí èkejì sì ní ọmọ kéékèèké márùn-ún, ìdí-igi yóò fún àgbàlagbà náà ní ìdajì, yóò sì ní kí àwọn ọmọdé márùn-ún pín ìdajì tó kù. Bí wọ́n bá fi orí-ò-jorí pín in, ọmọ tó ti ń ṣiṣẹ́ yóò gba ìpín kan náà pẹ̀lú èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Owó gbà-má-bìínú kì í ṣe ohun tí olóògbé kó jọ kó tó kú, nítorí náà kò yẹ kó wọ inú ogún rẹ̀ rárá.

Àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ òfin ní Abẹ́òkúta mọ bí ọ̀ràn yìí ṣe máa ń rí ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìsìnkú. Ìyá àgbà tó gba àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ sọ́dọ̀ ni ó sábà máa ń rìn ín. Yóò lọ sí Eléwéẹran láti béèrè ìwé ìròyìn ọlọ́pàá, yóò lọ sí ilé-ìwòsàn fún èsì àyẹ̀wò òkú, yóò gba ìwé ẹ̀rí ikú, yóò ṣe ẹ̀dà gbogbo wọn, yóò sì wá dé ilé-ìfowópamọ́ ní Òkè-Ìléwó níbi tí olóògbé kó ìwọ̀nba owó rẹ̀ sí. Òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́yìn kàńtà yóò dìde, yóò kúnlẹ̀ díẹ̀, yóò sì sọ pé, “Ẹ kú ará-fẹ́ra-kù, Mà. Ẹ má bínú, a ò lè ṣí àkáǹtì yìí àfi tí ẹ bá gba ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún wá láti kóòtù.” Ìyá náà yóò dáhùn pé, “Ọmọ mi, wọ́n ti lé wọn nílé-ìwé láti ọjọ́ Ajé.” Òṣìṣẹ́ náà kò ṣẹ̀, nítorí pé ìwé tó béèrè, èyí tí ilé-ẹjọ́ gíga fi ń yan àwọn tí yóò bójú tó ohun ìní ẹni tó kú láìṣe ìwé ìhágún, ló ń dáàbò bo owó òkú lọ́wọ́ olè. Ṣùgbọ́n ìwé náà ń béèrè fún onídùúró, fún ìkéde àti fún owó tí wọ́n ń ṣírò lórí iye ogún, ó sì lè gba ọ̀pọ̀ oṣù. Ní gbogbo àkókò yẹn, kò sí ọ́fíìsì kan nínú gbogbo àwọn tí ìyá àgbà náà lọ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti béèrè ohun tí àwọn ọmọ ń jẹ.

Òfin kò dákẹ́ pátápátá lórí ọ̀rọ̀ náà. Abala 319 nínú Òfin Ìṣàkóso Ìdájọ́ Ọ̀ràn ti ọdún 2015, èyí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe, tí Ìpínlẹ̀ Ògùn náà sì ti ṣe irú rẹ̀, fún adájọ́ láyè láti pàṣẹ pé kí ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi san owó gbà-má-bìínú fún ẹni tí ọ̀ràn náà pa lára, yàtọ̀ sí ìjìyà tó bá tọ́ sí i. Ìlọsíwájú gidi ni èyí, nítorí pé tẹ́lẹ̀, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ kò sábà ju ẹlẹ́rìí lásán lọ. Àmọ́ ìdènà mẹ́ta ló wà lójú ọ̀nà ọmọ òrukàn. Èkíní ni pé àṣẹ náà ń dúró de ìdájọ́ ẹ̀bi, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ apànìyàn kò tíì sí lọ́wọ́ òfin, ẹjọ́ ìpànìyàn sì ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ tó wà ní ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi nígbà ìṣẹ̀lẹ̀ lè ti wọ sẹ́kọ́ńdírì kí ó tó parí. Èkejì ni pé ẹni tí wọ́n dá ẹjọ́ ikú tàbí ẹ̀wọ̀n gbére fún kì í sábà ní ohunkóhun tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹta ló burú jù, òun sì ni ti ilé tí bàbá ti pa ìyá. Níbẹ̀, dúkìá bàbá ni ilé-ẹjọ́ yóò ní kí wọ́n tà láti fi san owó fún ọmọ, bẹ́ẹ̀ ọmọ náà gan-an ni yóò jogún dúkìá yẹn lọ́jọ́ iwájú. Wọ́n kàn mú owó kúrò nínú àpò ọ̀tún rẹ̀, wọ́n sì fi í sínú ti òsì.

Ọ̀nà kejì ni kí àwọn tí olóògbé ń bọ́ pe ẹjọ́ fúnra wọn. Òfin Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ti ọdún 1959 lórí ìpalára, tí àwọn ìpínlẹ̀ tó jáde láti ara ẹkùn náà jogún, gba ìyàwó, ọkọ, òbí àti ọmọ olóògbé láyè láti béèrè owó lọ́wọ́ ẹni tí ìwà àìtọ́ rẹ̀ fa ikú náà, ìpìlẹ̀ òfin yìí sì ti wà láti ọdún 1846 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó dára nínú rẹ̀ ni pé owó tó bá jáde jẹ́ ti àwọn tí olóògbé ń bọ́, kì í ṣe apá kan nínú ogún. Ṣùgbọ́n abala 135 nínú Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 sọ pé níbi tí ẹjọ́ bá ti dá lé e lórí pé ẹnì kan dá ọ̀ràn, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ kọjá iyèméjì, kódà bí kì í bá ṣe ẹjọ́ ọ̀ràn. Èyí já sí pé ọmọ tó pe apànìyàn lẹ́jọ́ owó ní láti gbé ẹrù ẹ̀rí tó wúwo tó ti ìjọba, láìní ọlọ́pàá, láìní àyẹ̀wò ìjìnlẹ̀, láìní owó agbẹjọ́rò.

Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀ wà nínú ìtàn bí ìjọba ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, ẹni tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1900, tó sì darí Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta, wà ní ilé ọmọ rẹ̀, Fẹlá, ní Èkó ní ọjọ́ 18 oṣù Èrèlé ọdún 1977 nígbà tí àwọn sójà ya wọlé, tí wọ́n jù ú láti ojú fèrèsé òkè, tí wọ́n sì dáná sun ilé náà. Ó kú ní ọjọ́ 13 oṣù Igbe ọdún 1978. Ẹbí náà ti pe ìjọba àpapọ̀ lẹ́jọ́ lórí ìkọlù yìí, wọ́n sì béèrè mílíọ̀nù 25 náírà. Ní ọdún 1985, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ gbé ìdájọ́ kalẹ̀ pé àwọn kò lè gba owó lọ́wọ́ ìjọba, nítorí pé nígbà tí ìkọlù náà wáyé, òfin àtijọ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀, tó ní ọba kì í ṣe àṣìṣe, ṣì ń dáàbò bo ìjọba. Ilé-ẹjọ́ náà sọ pé Ìwé Òfin Ìpilẹ̀ ti ọdún 1979 ti fòpin sí ààbò yẹn, ṣùgbọ́n ọdún méjì ṣáájú ni wọ́n ti ṣe ibi náà. Àwọn ọmọ Ransome-Kútì ti dàgbà, wọ́n sì lè bọ́ ara wọn, síbẹ̀ òfin kan náà ni ì bá ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọmọ ọwọ́ tí sójà pa ìyá rẹ̀.

Ọdún kan lẹ́yìn náà, ní 1986, ilé-ẹjọ́ kan náà ṣí ìlẹ̀kùn náà sílẹ̀ nínú ẹjọ́ Bello àti Agbẹjọ́rò-Àgbà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Wọ́n ti dá ẹjọ́ ikú fún ọkùnrin kan lórí ìdigunjalè, ó ti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ṣùgbọ́n ìjọba ìpínlẹ̀ pa á ní ọdún 1981 kí wọ́n tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Àwọn tó ń bọ́ béèrè 100,000 náírà. Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ gbà pé ìpànìyàn láìbófinmu ni ìjọba ṣe, pé níbi tí ẹ̀tọ́ bá wà àtúnṣe gbọ́dọ̀ wà, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n san 7,400 náírà fún wọn. Iye náà kéré, ṣùgbọ́n ìlànà tó wà nínú rẹ̀ tóbi ju iye náà lọ. Olóògbé kì í ṣe ẹni tí ìlú ń yìn; ilé-ẹjọ́ ti dá a lẹ́bi ọ̀ràn ńlá, síbẹ̀ wọn kò fi ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ dí àwọn tó ń gbára lé e lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe òfin lórí ọ̀rọ̀ yìí lónìí gbọ́dọ̀ di ìlànà yẹn mú: ohun tí òbí jẹ́ kọ́ ló ń sọ ẹ̀tọ́ ọmọ.

Ìdánwò tó súnmọ́ tòsí jù lọ ni ti ìgbìmọ̀ ìwádìí tí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ gbé dìde ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2020 lẹ́yìn ìwọ́de EndSARS, nígbà tí àwọn ènìyàn dìde lòdì sí ìwà ìkà àwọn ọlọ́pàá kan. Ní Èkó, ìgbìmọ̀ tí Adájọ́ Doris Okuwobi darí pín nǹkan bíi mílíọ̀nù 410 náírà fún ènìyàn 70. Ní Abẹ́òkúta, ìgbìmọ̀ Ìpínlẹ̀ Ògùn dábàá mílíọ̀nù 218 náírà ó lé fún ènìyàn 42, tó fi mọ́ àwọn tí wọ́n fìyà jẹ, àwọn tí wọ́n ṣe léṣe àti àwọn tí wọ́n pa ènìyàn wọn. Àwọn ìgbìmọ̀ wọ̀nyí fi hàn pé ìjọba lè gbọ́ ẹjọ́ àdánù láìdúró de ìdájọ́ ẹ̀bi lórí ọlọ́pàá kọ̀ọ̀kan, èyí sì jẹ́ ẹ̀rí pàtàkì. Àmọ́ owó alápapọ̀ tí wọ́n ń san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kì í dáàbò bo ọmọdé. Bí wọ́n bá pín owó Ògùn lọ́gbọọgba, yóò jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 5 náírà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí owó oṣù tó kéré jù lọ ní orílẹ̀-èdè jẹ́ 30,000 náírà, mílíọ̀nù 5 tó owó oṣù 166. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2024, tí ìjọba Ògùn sọ owó oṣù tó kéré jù di 77,000 náírà, mílíọ̀nù 5 kan náà kò tó owó oṣù 65 mọ́. Ọmọ tí wọ́n gba irú owó bẹ́ẹ̀ fún nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 5 yóò pé ọdún 10 kí ó tó rí i pé ọ̀wọ́n-gógó ọjà ti jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, kódà bí alágbàtọ́ rẹ̀ kò bá fọwọ́ kàn án.

Ọ̀nà tó sàn ju èyí lọ ti wà nínú òfin Nàìjíríà, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kan nìkan ló ń rí i lò. Òfin Gbà-Má-Bìínú Òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí àpò tí àjọ NSITF ń bójú tó, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó wà fún adójútòfò àwọn òṣìṣẹ́. Bí òṣìṣẹ́ bá kú lẹ́nu iṣẹ́, tó sì fi aya àti ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀, òfin náà ní kí wọ́n máa san ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń gbà fún wọn lóṣooṣù, ìpín ọmọ sì ń bá a lọ títí tí yóò fi pé ọdún 21 tàbí tí yóò fi parí ẹ̀kọ́ yunifásítì. Nítorí náà, bí àwọn adigunjalè bá pa ọlọ́dẹ ilé-ìfowópamọ́ kan lẹ́nu iṣẹ́ ní Òkè-Ìléwó, òfin ti pèsè oúnjẹ fún ọmọ rẹ̀. Bí ìbọn kan náà bá pa obìnrin tó ń ta ẹ̀kọ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lọ́jọ́ náà, kò sí ohun tí òfin pèsè fún ọmọ tirẹ̀. Ebi àwọn ọmọ méjèèjì kò yàtọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tó yan iṣẹ́ tí òbí rẹ̀ ń ṣe.

Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ti gbé ìgbésẹ̀ tó kọjá èyí. New Zealand ṣe òfin pé kí ìjọba máa san owó gbà-má-bìínú fún ẹni tí ọ̀ràn pa lára ní ọdún 1963, Bìrìtìkó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1964, California tẹ̀ lé e ní 1965, nígbà tó sì di ọjọ́ 29 oṣù Bélú ọdún 1985, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ìkéde kan tó ní kí ìjọba sapá láti san owó fún àwọn tí òkú ń bọ́ níbi tí ẹlẹ́ṣẹ̀ kò bá ti lè san án tán, tó sì gbà wọ́n níyànjú láti dá àpò owó sílẹ̀ fún un. Lábẹ́ ètò Bìrìtìkó ti ọdún 2012, tó kan ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù náà, ọmọ tí wọ́n pa òbí rẹ̀ lè gba 11,000 páùn bí òun nìkan bá ni ó yẹ, tàbí 5,500 páùn bí àwọn mìíràn bá wà pẹ̀lú rẹ̀, kí wọ́n sì fi 2,000 páùn kún un fún ọdún kọ̀ọ̀kan tó kù kí ó tó pé ọmọ ọdún 18. Ọmọ ọdún 6 yóò tipa bẹ́ẹ̀ ní 24,000 páùn lórí ìtọ́jú tó pàdánù nìkan. Wọn kì í dúró kí wọ́n dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, wọ́n sì sábà máa ń fi owó ọmọdé sínú àkáǹtì tó ń mú èlé wá títí yóò fi pé ọdún 18. Àbùkù rẹ̀ ni pé wọ́n lè dín owó náà kù tàbí kí wọ́n kọ̀ ọ́ nítorí ìwà òbí tó kú, níbi tí ìdájọ́ Bello ti ṣe òdodo jù wọ́n lọ.

Ní ti ilé tí bàbá ti pa ìyá, àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ló yẹ kí Ògùn kọ́gbọ́n lára wọn. Ítálì ṣe òfin fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2018. Ajẹntínà ṣe tirẹ̀ lọ́dún kan náà, ó sì ń san iye tó dọ́gba pẹ̀lú owó ìfẹ̀yìntì tó kéré jù lọ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù títí di ọdún 21. Bùràsíìlì náà fi òfin ọdún 2023 dá owó oṣooṣù sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ìdílé aláìní tí wọ́n pa ìyá wọn nítorí pé ó jẹ́ obìnrin. Àwọn orílẹ̀-èdè wọ̀nyí rí i pé ọmọ bẹ́ẹ̀ pàdánù òbí méjì lọ́jọ́ kan, ọ̀kan sí ibojì, èkejì sí ọgbà ẹ̀wọ̀n, àti pé ìdílé bàbá àti ti ìyá lè máa jà lórí rẹ̀ nígbà tí kò sí ẹni tó ń bọ́ ọ.

Ohun tó yẹ kí Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe kò ṣòroó sọ. Kí òfin dá àpò owó kan sílẹ̀ fún gbogbo ọmọ tí wọ́n pa òbí rẹ̀ nínú ìpínlẹ̀ náà. Kí ẹ̀rí tó tó jẹ́ ìwé dókítà àti ti ọlọ́pàá pé ọwọ́ ènìyàn ló fa ikú náà, kí wọ́n sì san owó àkọ́kọ́ láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, nítorí pé sáà ilé-ìwé kì í dúró de ìwádìí. Kí owó oṣooṣù tẹ̀ lé e, kí iye rẹ̀ sì so mọ́ owó oṣù tó kéré jù lọ, kí ọ̀wọ́n-gógó má bàa jẹ ẹ́ run. Kí ó máa lọ títí di ọdún 18, tàbí 21 fún ẹni tó bá ṣì wà nílé-ìwé. Kí wọ́n má ṣe béèrè bóyá òbí rẹ̀ ṣe ìgbéyàwó, nítorí pé abala 42 nínú Ìwé Òfin Ìpilẹ̀ ti ọdún 1999 kọ̀ kí wọ́n fi bí a ṣe bí ènìyàn dù ú ní ẹ̀tọ́. Lẹ́yìn tí ìjọba bá ti sanwó, kí ó wá dípò ọmọ náà láti gba ohun tó bá ṣeé gbà lọ́wọ́ apànìyàn.

Ẹ̀rù àwọn alágbàtọ́ tó ń jẹ owó ọmọ jẹ́ ẹ̀rù tó tọ́, ṣùgbọ́n ó ní oògùn. Kí owó ilé-ìwé máa lọ tààrà sí ilé-ìwé, kí èyí tó jẹ́ ti oúnjẹ wọ àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ ọmọ, kí òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn ìjọba sì máa lọ wo ọmọ náà nílé lóòrèkóòrè. Ní ti àwọn tó ń sọ pé owó kò sí, ìṣirò rọrùn. Ìdajì 77,000 náírà lóṣù jẹ́ 462,000 náírà lọ́dún fún ọmọ kan, ìyẹn mílíọ̀nù 46 náírà ó lé díẹ̀ fún ọmọ 100. Owó tí ìgbìmọ̀ ọdún 2020 dábàá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ì bá bọ́ 100 ọmọ bẹ́ẹ̀ fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́rin àti ààbọ̀. Owó ìtánràn tí àwọn ilé-ẹjọ́ ń gbà lójoojúmọ́ lè jẹ́ ìpìlẹ̀ àpò náà, bí Amẹ́ríkà ti fi owó ìtánràn ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ rẹ̀ dá irú àpò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láti ọdún 1984, kí ètò ìṣúná ọdọọdún sì dí àlàfo tó bá kù.

Ìdí tó jinlẹ̀ jù lọ tí ẹrù yìí fi jẹ́ ti ìjọba wà nínú bí wọ́n ṣe ń pe ẹjọ́ ìpànìyàn gan-an. Ìjọba ló ń pè é ní orúkọ ara rẹ̀, òun ló ń pinnu bóyá ẹjọ́ yóò tẹ̀ síwájú tàbí yóò dúró, òun ló sì ka ìbínú ìdílé olóògbé léèwọ̀, tó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba ẹ̀san fúnra rẹ̀. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé láìsí i, ìlú kò ní í tòrò. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba agbára ẹ̀san kúrò lọ́wọ́ ìdílé kò lè gba apá kan ẹrù kí ó sì fi èyí tó kù sílẹ̀ fún ìyá àgbà. Bí ìkùnà ìjọba láti dáàbò bo ẹ̀mí, èyí tí abala 33 nínú Ìwé Òfin Ìpilẹ̀ fi lé e lọ́wọ́, bá ti sọ ọmọ di òrukàn, gbèsè ni ìtọ́jú ọmọ náà jẹ́ lọ́rùn rẹ̀, kò sì yẹ kí ọmọ máa tọrọ gbèsè bí àánú. Àwọn aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ògùn tó ń jókòó ní Òkè-Mosàn ní agbára láti ṣe òfin yìí láìdúró de Àbújá, ọjọ́ orí àwọn ọmọ tó nílò rẹ̀ ní Abẹ́òkúta lónìí sì ni gbèdéke tó yẹ kí wọ́n fi fún ara wọn.